Ìtàn Ìgbésí Ayé Duccio, Ayàwòrán Ará Siena

Ìtàn tí a mú wá fún yín lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ìtàn ọba, kì í sì í ṣe ìtàn jagunjagun. Ìtàn oníṣẹ́ ọwọ́ ni. Duccio lorúkọ rẹ̀. Buoninsegna lorúkọ bàbá rẹ̀. Ará ìlú Siena ni, ní ilẹ̀ Ítálì. Ó ti tó 700 ọdún báyìí tó ti kú, àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà. Ẹ óò rí i níwájú pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ò jìnnà sí ibi tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń gbé.

Ẹ jẹ́ ká sọ ìdí tí a fi yan ọkùnrin yìí. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀sìn, a máa ń kúnlẹ̀ níwájú ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe: igi tí wọ́n gbẹ́, aṣọ tí wọ́n rán, àwòrán tí wọ́n kùn. Ojú wa á wà lára ohun náà, ọkàn wa á sì lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ohun náà dúró fún. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í sáábà béèrè pé, ta ló ṣe é? Irú ènìyàn wo ni? Kí ni wọ́n san fún un? Ìtàn Duccio á jẹ́ ká mọ̀ pé ẹni tó ń ṣe ohun mímọ́, ènìyàn bíi tiwa ni. Ó jẹ gbèsè. Ó san owó ìtanràn lọ́pọ̀ ìgbà. Síbẹ̀, ohun kan wà tí kò fi ṣeré, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni.

ÌLÚ TÍ WỌ́N TI BÍ I

Orí òkè mẹ́ta ni wọ́n tẹ ìlú Siena dó sí. Láyé ìgbà náà, ìlú yìí kò lọ́ba. Àwọn ọmọ ìlú ló ń yan àwọn tí yóò ṣàkóso. Láti ọdún 1287 títí di 1355, ìgbìmọ̀ ẹni mẹ́sàn-án ló ń darí ìlú, Àwọn Mẹ́sàn-án ni wọ́n sì ń pè wọ́n. Oníṣòwò pọ̀ níbẹ̀, àwọn tó ń yá ènìyàn lówó pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n sì ní ìlú kan tí wọ́n jọ ń figa gbága, ìyẹn Florence, tó wà ní ìhà àríwá wọn, tí kò jìnnà rárá.

Láàárín ọdún 1255 sí 1260 ni wọ́n bí Duccio. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1260, Siena àti Florence pàdé lójú ogun níbi kan tó ń jẹ́ Montaperti. Àwọn ọmọ ogun Florence pọ̀ ju tiwọn lọ. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù ba àwọn ará Siena, ni wọ́n bá kó ara wọn jọ, ó di kàtídírà. Ẹni tó ṣáájú wọn bọ́ bàtà, ó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn. Wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ ẹnubodè ìlú sórí pẹpẹ níwájú Màríà ìyá Jésù, wọ́n ní òun làwọn fi ìlú lé lọ́wọ́. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, Siena ló borí.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará Siena ti ń pe ìlú wọn ní ìlú Màríà. Ọmọdé ni Duccio nígbà náà, inú ìtàn yìí ni wọ́n sì tọ́ ọ dàgbà. Ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa. Nígbà tí Duccio wá dàgbà tó ya àwòrán Màríà, lójú àwọn ará ìlú rẹ̀, àwòrán ẹni tó ni ìlú ló yà.

IṢẸ́ KÉKERÉ LÓ FI BẸ̀RẸ̀

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a rí orúkọ Duccio nínú ìwé ni ọdún 1278. Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un? Àpótí ni! Àpótí 12 tí ìjọba ìlú ń kó ìwé pamọ́ sí, òun ni wọ́n sanwó fún láti kùn wọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n tún ń gbé èèpo ìwé fún un. Ní Siena, pákó ni wọ́n fi ń ṣe èèpo ìwé ìṣirò owó ìlú, wọ́n sì máa ń ya àwòrán sí i lára kí ìwé náà lè níyì.

Àpótí àti èèpo ìwé owó! Kì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn fi ń yangàn láàárín ẹgbẹ́. Àmọ́ Duccio ò kọ̀ ọ́. Kódà, nígbà tó ti di ẹni tí wọ́n mọ̀ dáadáa, títí di ọdún 1295, a ṣì ń rí i nínú àkọsílẹ̀ ìlú pé ó gba owó iṣẹ́ èèpo ìwé. Ẹni tó bá ń wo iṣẹ́ kékeré ní ìwòkuwò, ta ni yóò gbé iṣẹ́ ńlá fún un?

Láyé ìgbà yẹn, àwòrán àwọn Gíríìkì tó ń ti ìhà Constantinople wá ni àwọn ayàwòrán Ítálì ń wò ṣe tiwọn. Àwòrán wọ̀nyẹn lẹ́wà, wúrà pọ̀ lára wọn, ṣùgbọ́n ojú ẹni inú wọn máa ń le koko. Duccio kọ́ ọgbọ́n yẹn, ó mọ̀ ọ́n délẹ̀, kò sì sọ ọ́ nù. Ohun tó ṣe ni pé ó rọ ojú náà. Màríà tirẹ̀ dà bí ìyá tó gbé ọmọ lọ́wọ́ lóòótọ́. Aṣọ tó wà lára rẹ̀ ń ṣẹ́po, ó ń rọ̀ wálẹ̀ bí aṣọ gidi. Ohun tí àgbà fi lé e lọ́wọ́ ni, ó wá fi díẹ̀ tirẹ̀ kún un.

ÀWÒRÁN ŃLÁ TI FLORENCE

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1285, ẹgbẹ́ kan ní Florence ránṣẹ́ pè é. Laudesi ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ náà. Wọn kì í ṣe àlùfáà. Ọmọ ìjọ lásán ni wọ́n, tí wọ́n máa ń péjọ ní ilé ìsìn Santa Maria Novella láti kọrin ìyìn sí Màríà. Ẹ ronú sí i: àwọn ará Florence, tí wọ́n ti bá ìlú rẹ̀ jagun, ni wọ́n wá ọmọ Siena wá. Ìjà ìlú ò ní kí wọ́n má mọ ẹni tó mọṣẹ́.

Ẹ gbọ́ bí àdéhùn wọn ṣe rí. Wọ́n á fún Duccio ní 150 lire. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi owó ara rẹ̀ ra wúrà àti àwọ̀ búlúù tó dára jù. Bó bá parí rẹ̀ tí kò wu ẹgbẹ́ náà, wọn ò ní san kọ́bọ̀, kí ó máa gbé àwòrán rẹ̀ lọ. Ẹ ò rí i pé àdéhùn tó le ni! Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò bá dá lójú ò lè fọwọ́ sí i.

Àwòrán náà ga tó mítà mẹ́rin àti ààbọ̀, ó fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà mẹ́ta. Màríà jókòó lórí ìtẹ́ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, áńgẹ́lì mẹ́fà sì kúnlẹ̀ yí wọn ká, mẹ́ta lápá kan, mẹ́ta lápá kejì. Mùsíọ́mù Uffizi ní Florence ló wà lónìí.

Nǹkan kan wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ikú Duccio tó yẹ kí ẹ mọ̀. Ní ọdún 1550, Giorgio Vasari tẹ ìwé ìtàn àwọn oníṣọ̀nà Ítálì jáde. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé Cimabue, ọmọ Florence, ló ya àwòrán yìí. Gbogbo ayé gbà á gbọ́ fún ohun tó lé ní 300 ọdún. Ìgbà tó di ọdún 1889 ni ọ̀mọ̀wé kan, Franz Wickhoff, fi ìwé àdéhùn 1285 wé àwòrán náà, tó sì sọ pé iṣẹ́ Duccio ni. Báyìí ni ìwé tí wọ́n kọ pamọ́ ṣe dá iṣẹ́ padà fún ẹni tó ni í. Ẹ̀yin tí ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́, ẹ máa kọ nǹkan sílẹ̀. Ẹ má sọ pé orí mi á rántí.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE IRÚ ÀWÒRÁN BẸ́Ẹ̀

Ẹ̀yin ọmọdé á fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Orí bébà kọ́ o. Orí pákó ni.

Wọ́n á kọ́kọ́ la igi poplar sí pákó, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ dáadáa, wọ́n á wá so pákó mọ́ pákó títí yóò fi fẹ̀ tó bí wọ́n ṣe ń fẹ́. Wọ́n á sè awọ ẹran títí omi rẹ̀ á fi máa lẹ̀ bí àtè, èyí ni wọ́n á fi lẹ aṣọ funfun mọ́ ojú pákó náà. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á po ẹfun mọ́ omi awọ yẹn, wọ́n á fi kun orí aṣọ náà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lọ́pọ̀ ìgbà. Tó bá gbẹ, wọ́n á ha á títí yóò fi máa dán bí eyín erin.

Níbi tí wúrà máa wà, amọ̀ pupa ni wọ́n á kọ́kọ́ fi pa á, kí wúrà lè rí àwọ̀ gbígbóná lábẹ́ rẹ̀. Wúrà gidi ni. Àwọn tó ń lu wúrà á lù ú títí yóò fi fẹ́lẹ́ ju bébà lọ fíìfíì, débi pé bí ènìyàn bá mí sí i lásán, á fò lọ. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí amọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, wọ́n á wá fi eyín ẹranko tàbí òkúta dídán rà á títí yóò fi máa kọ mànà.

Ó wá ku àwọ̀. Pupa ẹyin adìyẹ ni wọ́n fi ń po àwọ̀, kì í ṣe òróró. Kíá ló ń gbẹ, nítorí náà ayàwòrán ò lè máa tú u ká bó ṣe wù ú. Búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín ni yóò máa fi fa ìlà kéékèèké, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, títí ojú ènìyàn á fi yọ. Tó bá jẹ́ ojú ènìyàn, àwọ̀ ewé ni wọ́n á kọ́kọ́ fi sábẹ́, kí wọ́n tó fi àwọ̀ ara lé e. Ìdí nìyẹn tí ojú àwọn ẹni inú àwòrán àtijọ́ mìíràn fi dà bíi pé ó ń ṣe àwọ̀ ewé: àwọ̀ òkè ti ń ṣí, tìsàlẹ̀ wá ń yọjú.

Búlúù tó wà lára aṣọ Màríà ńkọ́? Ẹ má rò pé aró ni. Inú òkúta ni wọ́n ti ń yọ ọ́, orí òkè Afghanistan ni òkúta náà sì ti ń wá, ó gba orí ilẹ̀ ó gba ojú omi kó tó dé Ítálì. Owó gọbọi ni. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá fi í wọ Màríà láṣọ, ohun tó wọ́n jù lọ́jà ni wọ́n fi wọ̀ ọ́.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ẹnìkan. Ọmọ iṣẹ́ wà ní ṣọ́ọ̀bù tó ń lọ àwọ̀, tó ń fọ ẹyin, tó ń ha ẹfun. Ọ̀gá ló ń darí gbogbo wọn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

DUCCIO ÀTI ÌJỌBA ÌLÚ RẸ̀

Ó yẹ ká sọ èyí náà, torí pé ìtàn tó bá fi àbùkù ènìyàn pamọ́ kò kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún 1280, ìlú Siena bu owó ìtanràn 100 lire fún Duccio. Owó ńlá ni! Ẹ rántí pé 150 lire ni gbogbo owó àwòrán ńlá ti Florence. Ní ọdún 1289, ó kọ̀ láti búra fún olórí tí wọ́n ń pè ní ọ̀gágun àwọn ará ìlú. Owó ìtanràn ni. Ní ọdún 1302, wọ́n ní kó wá sójú ogun ní ilẹ̀ Maremma, kò lọ. Owó ìtanràn tún ni. Gbèsè rẹ̀ náà wà nínú àkọsílẹ̀. Kì í ṣe pé kò ríṣẹ́ ṣe. Ó ní ọgbà àjàrà. Ó ríṣẹ́, owó ni kì í dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

Àmọ́ ẹ tún wo apá kejì. Ìlú tó ń bu owó ìtanràn fún un náà ló ń pè é wá dámọ̀ràn. Ní ọdún 1295, wọ́n yàn án pẹ̀lú Giovanni Pisano, agbẹ́kúta ńlá tó ń ṣiṣẹ́ ní kàtídírà, láti wà lára àwọn tó máa wo ibi tó yẹ kí wọ́n kọ́ ibi ìpọnmi kan sí. Fèrèsé gíláàsì roboto tí wọ́n ṣe fún kàtídírà Siena ní 1287 sí 1288, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé Duccio ló ya bí yóò ṣe rí. Ìlú mọ àléébù rẹ̀, wọ́n sì mọ ẹ̀bùn rẹ̀. Wọn ò torí ọ̀kan sọ èkejì nù.

ÌBÚRA ỌDÚN 1308

Wàyí o, a dé ibi tí ìtàn yìí ti dùn jù. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún 1308, Duccio àti Jacopo Mariscotti, tó jẹ́ alábòójútó iṣẹ́ kàtídírà, jọ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Àwòrán tí yóò wà lórí pẹpẹ àgbà ni wọ́n fẹ́ kó ṣe. Maestà ni wọ́n ń pe irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ọlá ńlá: Màríà lórí ìtẹ́, pẹ̀lú àwọn ará ọ̀run yí i ká.

Owó ojúmọ́ ni wọ́n á máa san fún un, soldi 16 fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ogún soldi ló ń jẹ́ lira kan. (Ẹ fi ṣírò: owó ìtanràn 100 lire ọdún 1280 yẹn, tí a bá fi owó ojúmọ́ yìí wọ̀n ọ́n, iṣẹ́ ọjọ́ 125 ni!) Ọjọ́ tí kò bá ṣiṣẹ́, wọ́n á yọ owó rẹ̀. Igi, wúrà, àwọ̀, gbogbo rẹ̀ ni kàtídírà á rà. Duccio á kàn mú ara rẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá. Kò gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ mìíràn títí yóò fi parí. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi ṣe é, débi tí agbára àti ìmọ̀ rẹ̀ bá dé, àti débi tí Olúwa bá fún un ṣe. Ó fọwọ́ lé Ìwé Ìhìn Rere, ó búra.

Ẹ wò ó. Ọkùnrin tó kọ̀ láti búra fún ọ̀gágun ní 1289, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ búra fún iṣẹ́ yìí. Ó sì mú un ṣẹ. Kò tó ọdún mẹ́ta tó fi parí rẹ̀.

Iwájú àwòrán náà ni àwọn ọmọ ìjọ ń rí. Màríà jókòó lórí ìtẹ́, áńgẹ́lì 20 wà yí i ká pẹ̀lú àwọn ẹni mímọ́. Àwọn ẹni mímọ́ mẹ́rin tó ń ṣọ́ Siena kúnlẹ̀ níwájú, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún ìlú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn àlùfáà ń rí, àwòrán kéékèèké 26 ló sì wà níbẹ̀ nípa ìjìyà Jésù, láti ọjọ́ tó wọ Jerúsálẹ́mù títí dé ẹ̀yìn àjíǹde. Nínú èyí tó ti ń wọ Jerúsálẹ́mù, ọmọdé ń gun igi, èrò ń tú jáde lẹ́nubodè. Bí ọjọ́ ọdún ìlú ẹni gan-an ló rí! Àwòrán mìíràn tún wà nísàlẹ̀ àti lókè.

Lábẹ́ ẹsẹ̀ ìtẹ́ náà ni Duccio kọ àdúrà kúkúrú sí. Ó bẹ Màríà kó fún Siena ní àlàáfíà, kó sì fún Duccio ní ìyè, nítorí pé òun ló yà á báyìí. Kò tọrọ owó. Ẹni tó jẹ gbèsè, ìlú rẹ̀ ló kọ́kọ́ tọrọ nǹkan fún, kó tó kan ara rẹ̀.

ỌJỌ́ TÍ WỌ́N GBÉ E JÁDE

Ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà ọdún 1311 ni wọ́n gbé àwòrán náà kúrò ní ṣọ́ọ̀bù Duccio lọ sí kàtídírà. Àwọn oníṣòwò ti ilé ìtajà wọn lọ́jọ́ náà. Bíṣọ́ọ̀bù ló ṣáájú, àwọn àlùfáà tẹ̀ lé e, Àwọn Mẹ́sàn-án àti àwọn ìjòyè ìlú tẹ̀ lé wọn. Àwọn tó níyì jù wà nítòsí àwòrán, wọ́n mú abẹ́là títàn lọ́wọ́. Àwọn obìnrin àti ọmọdé wà lẹ́yìn. Wọ́n gbé e yí gbàgede ìlú tí wọ́n ń pè ní Campo ká. Agogo ń dún, kàkàkí ń dún. Kódà, owó tí wọ́n san fún àwọn onílù àti onífèrè wà nínú ìwé ìṣirò títí dòní. Wọ́n fún àwọn aláìní ní ọrẹ, wọ́n sì gbàdúrà pé kí Màríà gba ìlú wọn lọ́wọ́ ibi. Àwọn tó kọ ìtàn Siena sílẹ̀ láyé àtijọ́ ní owó tó bá iṣẹ́ náà lọ lé ní 3,000 florin wúrà.

Ẹ fojú inú wo Duccio láàárín èrò náà. Òun tí wọ́n máa ń pè lẹ́jọ́, lónìí, bíṣọ́ọ̀bù àti ìjòyè ń tẹ̀ lé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

IKÚ RẸ̀ ÀTI OGÚN TÓ FI SÍLẸ̀

Láàárín ọdún 1318 sí 1319 ni Duccio kú. Taviana ni ìyàwó rẹ̀, ọmọ méje sì ni wọ́n bí. Nígbà tó di ọdún 1319, àwọn ọmọ náà lọ sọ níwájú òfin pé àwọn ò gba ogún bàbá àwọn. Kí ló dé? Gbèsè ni! Ní òfin ìgbà náà, ẹni tó bá jogún dúkìá ti jogún gbèsè mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ yìí dunni. Ìlú ní àwòrán tí wọ́n ná ẹgbẹẹgbẹ̀rún wúrà lé lórí. Àwọn ọmọ ẹni tó yà á kò rí ogún bàbá wọn gbà. Ẹ̀bùn ò san gbèsè. Ẹni tó bá mọṣẹ́ tí kò mọ owó í ṣọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò jìyà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí wọ́n gba ogún tirẹ̀. Simone Martini ya Màríà àti àwọn ará ọ̀run sára ògiri ààfin ìjọba Siena ní ọdún 1315, a sì rí ẹ̀kọ́ Duccio nínú rẹ̀. Pietro àti Ambrogio Lorenzetti, tí wọ́n jẹ́ tẹ̀gbọ́n tàbúrò, tún gbé e síwájú. Ogún tí ènìyàn ń fi ọwọ́ kọ́, kò sí ẹni tó lè fi gbèsè gbà á.

AYÙN ỌDÚN 1771

Ní ọdún 1506, wọ́n gbé Maestà kúrò lórí pẹpẹ àgbà. Ojú ayé ti yí padà, àṣà tuntun ti dé. Nígbà tó di ọdún 1771, wọ́n fi ayùn là á sí méje láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì tún la iwájú kúrò lára ẹ̀yìn. Ayùn náà ṣe ojú Màríà léṣe. Àwọn àwòrán kéékèèké fọ́n ká, wọ́n ta òmíràn. Ẹ ò rí ayé! Ohun tí àwọn bàbá ńlá fi kàkàkí gbé wọlé, ayùn làwọn ọmọ fi là á.

Apá tó pọ̀ jù ti wà ní mùsíọ́mù kàtídírà Siena láti ọdún 1878. Àwọn tó kù ti rìn jìnnà. Ní Lọ́ńdọ̀nù, mẹ́ta wà ní National Gallery, wọn kì í sì í gbowó ìwọlé. Ọ̀kan nínú wọn ni ìtàn afọ́jú tí Jésù wò sàn. Ẹ wò ó dáadáa: ẹ óò rí afọ́jú náà lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, Jésù ń fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ti fọjú, ojú ti là, ó ti ju ọ̀pá sílẹ̀, ó ń wòkè. Ní Washington, National Gallery of Art ní ìbí Jésù àti ìgbà tó pe Pétérù àti Áńdérù láti inú ọkọ̀ ẹja. Ní New York, Frick ní ọ̀kan. Ní Fort Worth, Kimbell ní àjíǹde Lásárù. Ọ̀kan wà ní Madrid.

Ní ọdún 2004, Metropolitan Museum ní New York ra àwòrán kékeré kan tí Duccio yà, Màríà àti ọmọ rẹ̀, tí gbogbo gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 28 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ìròyìn ìgbà náà ní owó rẹ̀ tó mílíọ̀nù 45 dọ́là. Ọmọ náà na ọwọ́, ó ń ti ìbòrí ìyá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè rí ojú rẹ̀. Ní etí ìsàlẹ̀ igi tó yí i ká, iná ti jó o díẹ̀. Abẹ́là àwọn tó ń gbàdúrà níwájú rẹ̀ ló jó o bẹ́ẹ̀. Kí ó tó di ohun olówó iyebíye, ohun àdúrà ni nínú ilé ẹnìkan.

OHUN TÍ A RÍ KỌ́

Ẹ̀yin ọmọ wa, a ò sọ ìtàn yìí kí ẹ lè máa jẹ gbèsè o. A sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni ènìyàn ń tọ́jú: ọwọ́ rẹ̀ àti ilé rẹ̀. Duccio tọ́jú ọwọ́, kò tọ́jú ilé tó. Èyí tó tọ́jú ń jẹ́ ká dárúkọ rẹ̀ títí dòní. Èyí tí kò tọ́jú ló kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ síwájú òfin.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ inú ìsìn, nígbà mìíràn tí ẹ bá kúnlẹ̀ níwájú ohun mímọ́ kan, ẹ rántí pé ọwọ́ kan ló ṣe é. Ẹ béèrè orúkọ ẹni náà. Bí ó bá wà láàyè, ẹ wo bí ó ṣe ń jẹun. Ẹ san owó iṣẹ́ rẹ̀ pé, kí ẹ sì san án lásìkò.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni àwọn ará Siena gbé sórí pẹpẹ kí wọ́n tó lọ sójú ogun Montaperti?
2. Iṣẹ́ wo ni Duccio ṣe ní ọdún 1278?
3. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ ní 1889 pé Cimabue kọ́ ló ya àwòrán ńlá ti Florence?
4. Dárúkọ ohun mẹ́ta tí Duccio ṣèlérí nínú àdéhùn 1308.
5. Kí ló dé tí àwọn ọmọ rẹ̀ ò gba ogún? Bó bá jẹ́ ìwọ, kí lo máa ṣe?
6. Béèrè lọ́wọ́ àgbà kan: ta ló ṣe ohun kan tí ẹ̀ ń lò nínú ìsìn yín? Kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.